Èsì: Ẹ̀rọ atọ́nà tí ojú á tètè rí kà

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ ní bí oòrùn bá ti ràn, ẹ kì í rí máàpù orí fóònù yín mọ́, pé kí ni ẹ lè rà fún kẹ̀kẹ́ àti ìrìn ẹsẹ̀ ní ìgbèríko Kent, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Iná inú fóònù ni ojú rẹ̀ fi ń hàn, oòrùn a sì borí iná yẹn. Ti ẹ̀rọ atọ́nà Garmin méjì, eTrex 22x àti Edge Explore 2, yàtọ̀: bí oòrùn bá ṣe ń ràn tó ni wọ́n ń hàn tó. Nínú ṣọ́ọ̀bù, ó lè dà bíi pé wọ́n ṣú, torí náà ẹ ní kí wọ́n jẹ́ kí ẹ gbé e síta wò. Ẹ bọ́ awò tí ẹ fi ń kàwé, ẹ na ọwọ́ yín jáde. Tí ẹ kò bá rí orúkọ òpópónà kà níbẹ̀ yẹn, ẹ dá owó yín dúró.

Ojú eTrex kò ju ínǹṣì 2.2 lọ. Ó dáa fún ìrìn, bátìrì AA méjì ló sì ń lò, àmọ́ ó ti kéré jù lórí kẹ̀kẹ́. Edge tó jẹ́ ínǹṣì 3 ni èmi á mú. Ó máa ń dún bí ẹ bá fẹ́ yà, ẹ ò ní máa tẹjú mọ́ ọn ṣáá.

Ẹ tún ra máàpù bébà OS Explorer, ti Ordnance Survey, iléeṣẹ́ tó ń ya máàpù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì; sẹ̀ǹtímítà 4 lórí rẹ̀ dúró fún kìlómítà 1. Ìlà aláwọ̀ ewé tí wọ́n gé kéékèèké lórí rẹ̀ jẹ́ ti ẹlẹ́sẹ̀ nìkan. Èyí tí wọ́n gé gígùn, ẹlẹ́ṣin àti oníkẹ̀kẹ́ lè gbà á.