Kí o tó kọ̀ fún wọn, wá ẹnì kejì

Àbúrò mi, mo ka ìbéèrè rẹ. O ní o ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ iṣẹ́ ní ilé ìkẹ́rùsí kan. Èèyàn mẹ́ta ló yẹ kó ka ẹrù kí wọ́n tó buwọ́ lùwé, àmọ́ wọn kì í kà á, wọ́n kàn ń buwọ́ lù ú ni, wọ́n sì ti ń fojú ọ̀tá wò ọ́ torí pé o ní o fẹ́ kà á. Àwọn tó ti dá ọ lóhùn ní kí o ṣọkàn akin. Ìmọ̀ràn yẹn dára, kò kàn tó ni. Nọ́ọ̀sì ni mí. Mo ti wà nírú ipò yìí rí, ẹnì kan ṣoṣo tó dúró tì mí ló sì gbà mí.

Ní wọ́ọ̀dù tí mo wà nígbà náà, òfin ni pé nọ́ọ̀sì méjì gbọ́dọ̀ jọ yẹ oògùn tó bá lágbára wò. Ọ̀kan á fà á sínú abẹ́rẹ́, èkejì á wo ìgò, á wo ìwọ̀n, á wo orúkọ aláìsàn, kó tó buwọ́ lùwé. Nítorí pé iṣẹ́ pọ̀, ó ti di àṣà pé orí ìjókòó ni ẹnì kejì ti ń buwọ́ lù ú. Mo ní èmi á máa dìde lọ wò ó. Kò sẹ́ni tó bú mi. Ohun tí wọ́n ṣe dùn mí ju èébú lọ: bí mo bá ti wọlé, ọ̀rọ̀ á dá lẹ́nu wọn. Iṣẹ́ alẹ́ tí kò sẹ́ni tó fẹ́, èmi ni wọ́n ń gbé e fún. Wọ́n ní ṣé èmi nìkan ni mo kàwé ni. Nígbà tó yá, èmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara mi bóyá àṣejù ni mò ń ṣe. Ibẹ̀ gan-an ni kí o ti ṣọ́ra, nítorí bí gbogbo ènìyàn bá fẹnu kò sórí nǹkan kan, ojú ara rẹ pàápàá lè má dá ọ lójú mọ́.

Solomon Asch, onímọ̀ nípa ìrònú àti ìwà ẹ̀dá, dán èyí wò ní Amẹ́ríkà láàárín ọdún 1951 sí 1956. Ó fi ìlà kan han àwọn ènìyàn, ó ní kí wọ́n mú èyí tó gùn tó o nínú ìlà mẹ́ta mìíràn. Ọmọdé á mú un. Ṣùgbọ́n àwọn yòókù nínú yàrá ti bá Asch mulẹ̀ pé àwọn á jọ mú èyí tí kò tọ̀nà. Nínú ẹni mẹ́rin tó dán wò, bí mẹ́ta ló tẹ̀ lé wọn, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan. Èyí tó kàn ọ́ níbẹ̀ rèé: nígbà tó fi ẹnì kan péré tó ń sọ òótọ́ sáàárín wọn, títẹ̀lé náà já wálẹ̀ dé nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin ohun tó jẹ́ tẹ́lẹ̀. Kódà bí ẹni náà bá mú ìdáhùn mìíràn tí kò tọ̀nà, ó ṣì ń ràn wọ́n lọ́wọ́. Nítorí náà ẹnì kejì rẹ kò ní láti gbà pẹ̀lú rẹ délẹ̀délẹ̀. Kó ṣáà ti yapa.

Èyí tó kan àwa nọ́ọ̀sì kò kúrò lọ́kàn mi. Lọ́dún 1966, Charles Hofling àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ tẹ ìwádìí kan jáde. Ẹnì kan tó pe ara rẹ̀ ní dókítà, tí nọ́ọ̀sì kò mọ̀ rí, pè é lórí tẹlifóònù pé kó fún aláìsàn ní mílígíráàmù 20 oògùn kan, bẹ́ẹ̀ àkọlé ara oògùn náà ní kò gbọdọ̀ ju 10 lọ lójúmọ́. (Oògùn náà kò lè pa ẹnikẹ́ni lára, àmọ́ àwọn nọ́ọ̀sì ò mọ̀.) Nínú nọ́ọ̀sì 22, àwọn 21 ti ń lọ fún un kí wọ́n tó dá wọn dúró. Lọ́dún 1977, àwọn mìíràn tún un ṣe. Oògùn tí àwọn nọ́ọ̀sì mọ̀ ni wọ́n lò, àwọn nọ́ọ̀sì sì láǹfààní láti bá ara wọn sọ̀rọ̀. Nínú 18, méjì péré ló fẹ́ ṣe é. Mímọ oògùn náà ràn wọ́n lọ́wọ́, mi ò jiyàn. Àmọ́ ohun tí mo ti rí lẹ́nu iṣẹ́ ni pé nọ́ọ̀sì tó bá rí ẹni bi pé "ṣé eléyìí rí bó ṣe yẹ lójú tìẹ?" ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ nínú ewu.

Stanley Milgram ti Yunifásítì Yale náà rí irú rẹ̀. Nínú ọkùnrin 40, àwọn 26 ń tẹ bọ́tìnì tí wọ́n gbà pé ó ń fi iná gbé ẹlòmíràn, títí ó fi dé fóòtì 450 (fóòtì ni ìwọ̀n agbára iná), torí pé olùwádìí ní kí wọ́n máa bá a lọ. Iná náà kò dé ara ẹnikẹ́ni, àmọ́ òótọ́ ni wọ́n pè é. Nínú ìdánwò mìíràn, nígbà tí àwọn méjì tó jókòó tì wọ́n kọ̀, mẹ́rin péré nínú 40 ló dé òpin. Ṣàkíyèsí pé fóòtì 15, fóòtì 15 ni wọ́n fi ń gùn ún. Bí ìwé tìrẹ náà á ṣe rí nìyẹn: lónìí, páálí kan tí o kò kà, lọ́la, ọkọ̀ odindi kan. Ìbuwọ́lù àkọ́kọ́ ló rọrùn jù láti kọ̀.

Kí ni mo wá ṣe? Mo dẹ́kun bíbá gbogbo wọ́ọ̀dù jà. Mo ń ṣọ́ ojú wọn. Nọ́ọ̀sì kan wà tí kì í wo ojú ẹnikẹ́ni bó bá ń buwọ́ lùwé. Mo bá a lọ́nà ilé, àwa méjì péré, mo bi í bóyá ọ̀rọ̀ náà tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ó ní ó ti pẹ́ tó ti ń dun òun. Láti ọjọ́ náà, èmi ni mò ń yẹ tirẹ̀ wò, òun ló ń yẹ tèmi wò. Kò pẹ́ tí ẹnì kẹta fi dara pọ̀ mọ́ wa.

Nígbà tí wọ́n gbé nọ́ọ̀sì àkọ́kọ́ yẹn lọ sí wọ́ọ̀dù mìíràn, mo rò pé a ti padà síbi tí a ti bẹ̀rẹ̀, àmọ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Asch náà rí i: bí alátìlẹ́yìn ẹni bá kúrò nítorí pé ó níbi tó ń lọ, agbára tó fún ẹni kì í bá a lọ tán. Èyí tó ń fọ́ni ni kó yí padà sẹ́yìn àwọn tó pọ̀. Nítorí náà, má mú ẹni tó ń pariwo jù. Mú ẹni tí ọ̀rọ̀ náà ń dùn.

Má gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sípàdé kí o tó rí ẹni náà. Kọ iye tí o kà sílẹ̀ kí o tó gbọ́ tiwọn, torí nígbà tí Asch jẹ́ kí àwọn ènìyàn kọ ìdáhùn wọn ní kọ̀rọ̀, títẹ̀lé náà dín kù gidigidi. Má sì pe ẹnikẹ́ni ní olè. "Mi ò tíì kà á" ti tó; kò sẹ́ni tó lè bá ọ jiyàn lórí ìyẹn.

Bí o bá ti bá ẹni náà sọ̀rọ̀, padà wá sọ ohun tó wí. Bí kò bá sì sí ẹnì kan rárá níbẹ̀ tí ọ̀rọ̀ yìí ń dùn, sọ ìyẹn náà fún wa, torí ohun tí màá ní kí o ṣe nígbà náà yàtọ̀.