Ọmọ Ọdún Mélòó Ló Yẹ Kó Bẹ̀rẹ̀ Karáté, Júdò Tàbí Ẹ̀ṣẹ́ Kíkàn?

Ìbéèrè: Ọmọ mi ọkùnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọdún 4. Ilé ẹ̀kọ́ karáté kan ládùúgbò wa ní àwọn yóò gbà á. Bàbá rẹ̀ ní kò tíì tó, èmi ní ó ti tó. Ta ló jàre? (Ìyá Àyọ̀, Ìbàdàn)

Ìdáhùn: Ẹ̀yin méjèèjì lẹ jàre, Mà. Ó kù sọ́wọ́ ohun tí wọ́n fẹ́ máa fi ọmọ náà ṣe níbẹ̀. Ọmọ ọdún 4 tàbí 5 lè máa yí gbirigbiri lórí máàtì, kó máa fò, kó kọ́ bí wọ́n ṣe ń tẹríba fún olùkọ́, kó sì mọ̀ pé bí wọ́n bá ní "dúró", dídúró ni. A kò tíì lè pè é ní karáté, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ á ti máa múra sílẹ̀. Ìṣẹ́jú 30 tó fún un, ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Bí wọ́n bá tò ó sórí ìlà fún odindi wákàtí kan, tó ń ju ẹ̀ṣẹ́ sínú afẹ́fẹ́ bí àwọn ọmọ ọdún 12, kò ní pẹ́ sú u, yóò sì ṣòro láti dá a padà síbẹ̀.

Ẹ̀kọ́ gan-an, ọdún 6 sí 8 la fara mọ́. Láyé àwọn bàbá wa, wọ́n á ní kí ọmọ gbé apá kọjá lórí kó fọwọ́ kan etí kejì kí wọ́n tó mú un wọ iléèwé, torí ara ọmọ ni wọ́n ń wò. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ níbí náà. Ẹ ní kó fẹsẹ̀ kan dúró: ṣé ó lè ka ení dé ẹ̀wá kí ẹsẹ̀ kejì tó kanlẹ̀? Ẹ rán an níṣẹ́ mẹ́ta pọ̀: mú bàtà, gbé e sẹ́yìn ilẹ̀kùn, padà wá jókòó. Ṣé yóò ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta láìtún bi yín? Ṣé ó lè sọ fún àgbà pé ibi báyìí ń dun òun? Èyí tó gbẹ̀yìn yìí la kà sí jù, torí ọmọ tí kò lè sọ̀rọ̀ ni olùkọ́ máa ń ṣe léṣe láìmọ̀.

Ibi yòówù kí ẹ mú un lọ, bí ẹ bá rí i pé wọ́n ń mú ọmọdé fi ìkúùkù ṣe púṣọ́ọ̀pù lórí sìmẹ́ńtì, tí wọ́n ń ní kó fọwọ́ fọ́ pákó, tàbí tí àgbàlagbà ń tẹ̀ ẹ́ léjìká kí ẹsẹ̀ rẹ̀ lè ya kanlẹ̀, ẹ mú ọmọ yín kúrò. Ibi tí eegun ọmọdé ti ń gùn, nítòsí oríkèé, ṣì rọ̀. Bí ó bá fara pa níbẹ̀, eegun náà lè má gùn mọ́, tàbí kó wọ́.

Ìbéèrè: Ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún 9, ti ń lọ síbi júdò láti oṣù méjì. Wọn ò tíì kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń dá ẹnikẹ́ni, ṣíṣubú nìkan ló ń ṣe. Ṣé owó wa kò ń ṣòfò? (Bàbá Fúnmi, Abẹ́òkúta)

Ìdáhùn: Ẹ má mú un kúrò níbẹ̀ o. Olùkọ́ yẹn mọ iṣẹ́ rẹ̀.

Ìṣubú, tí wọ́n ń pè ní ukemi, ni ìpìlẹ̀ júdò látìgbà tí Kano Jigoro ti dá a sílẹ̀ ní Tokyo lọ́dún 1882. Orí ìdùbúlẹ̀ ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Ọmọ á fẹ̀yìn lélẹ̀, á fi àgbọ̀n mọ́ àyà, á máa wo kókó bẹ́líìtì rẹ̀, á wá fi apá méjèèjì gbá máàtì lẹ́ẹ̀kan náà, láti èjìká dé àtẹ́lẹwọ́, á sì mí jáde. Kí apá má jìnnà sí ìhà ju nǹkan bíi digírì 45 lọ. Nígbà tó bá mọ́ ọn lára, á ṣe é láti ìjókòó, lẹ́yìn náà láti ìlóṣòó, lẹ́yìn náà láti ìdúró. Ìgbà tí wọ́n bá tì í lójijì tó ṣì ṣubú dáadáa ni ẹlòmíràn tó lè dá a.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí ọmọ na ọwọ́ sẹ́yìn láti gba ara rẹ̀ dúró: ọrùn-ọwọ́ tàbí ìgúnpá ló ń dá. Èyí tó burú jù ni kí ó gbàgbé àgbọ̀n, kí ìpàkọ́ rẹ̀ lu ilẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe kékeré. Ní Japan gan-an, níbi tí júdò ti wá, ó lé ní 100 ọmọ iléèwé tó kú nídìí júdò láàárín ọdún 1983 sí 2010. Orí ló fara pa fún ọ̀pọ̀ nínú wọn, púpọ̀ sì jẹ́ ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Osoto-gari ni wọ́n sábà máa ń fi dá wọn, ìyẹn èyí tí wọ́n ń fẹsẹ̀ gbá ẹsẹ̀ ẹni láti ẹ̀yìn kó fi ìpàkọ́ lọ sílẹ̀. Orí kò tiẹ̀ ní láti kanlẹ̀. Bí orí náà bá mì lágbára, iṣan ẹ̀jẹ̀ tó wà láàárín ọpọlọ àti agbárí lè já. Ní 2022, àjọ júdò Japan fagi lé ìdíje ẹlẹ́nìkọ̀ọ̀kan ti gbogbo orílẹ̀-èdè fún àwọn ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, nítorí àwọn àgbà ti ń fi dandan lé kí ọmọ borí, títí kan fífi ebi pa wọ́n kí ìwọ̀n wọn lè dínkù.

Ẹ wo máàtì náà pẹ̀lú. Èyí tó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 4, tó le díẹ̀, tí wọ́n tò mọ́ra láìsí àlàfo, ló dára. Fóòmù ibùsùn kò dára, torí ẹsẹ̀ á rì sínú rẹ̀, orúnkún á sì lọ́. Bí Fúnmi bá fi orí gbá nǹkan, tí orí ń fọ́ ọ, tó ń bì tàbí tó ń tòògbé, ilé ìwòsàn ni lọ́jọ́ náà. Kó má padà sórí máàtì títí dókítà yóò fi gbà.

Ìbéèrè: Ọmọ ọdún 7 mi ti ń ta àbúrò rẹ̀ nípàá láti ìgbà tó ti ń lọ síbi taekwondo, ìjà àwọn ará Kòríà tí wọ́n ń fẹsẹ̀ jà jù. Kí ni kí n ṣe? (Ìyá Ìbejì, Òṣogbo)

Ìdáhùn: Ẹ sọ fún olùkọ́ rẹ̀. Olùkọ́ tó mọ̀ ọ́n ṣe á mú un jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ máàtì nígbà tí àwọn yòókù ń ṣe tiwọn, ìyẹn sì máa ń ta á lára ju ẹgba lọ. Bí olùkọ́ bá rẹ́rìn-ín, ẹ wá olùkọ́ mìíràn.

Ìbéèrè: Ọmọ ọdún 19 ni mí, mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ṣẹ́ kíkàn. Ẹ̀gbọ́n mi ní ó ti bọ́. (Ségun, Ṣàgámù)

Ìdáhùn: Kò tíì bọ́. Ọmọ ọdún 18 ni Anthony Joshua, tí ìdílé rẹ̀ ti ìlú rẹ wá, nígbà tó kọ́kọ́ wọ ilé ẹ̀ṣẹ́ ní London, ó sì gba góòlù Òlíḿpíìkì níbẹ̀ lọ́dún 2012. Ọmọ ọdún 18 náà ni Israel Adesanya, oníjà tí wọ́n bí ní Èkó, nígbà tó bẹ̀rẹ̀ kickboxing, ìyẹn ìjà tí wọ́n ń fi ẹ̀ṣẹ́ àti ẹsẹ̀ jà.

Ní ti ẹ̀ṣẹ́, pípẹ́ díẹ̀ tiẹ̀ sàn. Lílu orí wà lára ohun tí wọ́n fi ń gba máàkì, ìdí nìyẹn tí ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọmọdé Amẹ́ríkà àti ti Kánádà fi sọ lọ́dún 2011 pé kí ọmọdé má kàn án. Oṣù méjì àkọ́kọ́, okùn fífò, ìrìn ẹsẹ̀ àti àpò lílù ni kó o fi ṣe, ìṣẹ́jú 3 pẹ̀lú ìsinmi ìṣẹ́jú 1. Ra báńdéjì ọwọ́ tó gùn tó mítà 4.5, kó o sì wé e dé ọrùn-ọwọ́, torí ibẹ̀ tètè máa ń rọ́. Má gbà kí ẹnikẹ́ni kọjú sí ọ kí oṣù kẹta tó pé, kó o sì mọ̀ pé akoto ń dá awọ orí sí, kò lè dá ọpọlọ dúró kó má mì.

Ìbéèrè: Ilé ẹ̀kọ́ ìjà tí ọmọ mi ń lọ ṣèlérí pé ọmọ ọdún 9 mi á gba bẹ́líìtì dúdú lọ́dún méjì. Ṣé kí n gbà á gbọ́? (Ìyá Dámi, Peckham, London)

Ìdáhùn: Owó ìdánwò ni wọ́n ń wá, Mà. Ní Kodokan, ilé júdò àgbà ní Tokyo, ọmọ gbọ́dọ̀ pé ọdún 14 kó tó gba dan àkọ́kọ́, ìyẹn ipò bẹ́líìtì dúdú. Kukkiwon, tó ń fúnni ní ìwé ẹ̀rí taekwondo ní Kòríà, kì í fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 15 ní dan. Poom, ìyẹn ipò ti ọmọdé, ni wọ́n ń fún un, bẹ́líìtì rẹ̀ sì jẹ́ pupa àti dúdú. Ẹ bi wọ́n pé ìdánwò mélòó ló wà láàárín ọdún méjì náà, kí ẹ sì ṣírò iye tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé. Ẹ béèrè ìwé DBS olùkọ́ (èyí tó ń fi hàn bóyá ó ti dá ẹ̀ṣẹ̀ sófin rí) àti ìwé adójútòfò, kí ẹ sì jókòó wo kíláàsì kan tán. Bí wọ́n bá ní òbí kò gbọ́dọ̀ wọlé, ẹ mú Dámi lọ síbòmíràn.