Ikọ́ Phoenix tí kò gbọ́ antibiotic

Ẹ kú ìnira, ìyá àwọn ọmọ. Ẹ ní ọ̀sẹ̀ kẹfà rèé tí baba wọn ti ń húkọ́ ní Phoenix, ìlú kan ní Arizona, antibiotic ẹ̀ẹ̀mejì kò ṣiṣẹ́, ẹ wá ń bèèrè bóyá kí àwọn ọmọ ṣì máa bá wọn sùn ní yàrá kan náà.

Ẹ fi ti yàrá sílẹ̀ ná. Ẹ ní kí dókítà yẹ ẹ̀jẹ̀ baba wọn wò fún Valley Fever, àrùn ẹ̀dọ̀fóró kan. Ẹ pe orúkọ rẹ̀ ketekete, torí bí ẹ kò bá dárúkọ rẹ̀, dókítà lè má rántí, ohun tó sì máa ń bí mi nínú nìyẹn! Arizona àti California ni èyí tó pọ̀ jù nínú àrùn yìí ti ń wá ní Amẹ́ríkà, síbẹ̀ wọ́n á wo fọ́tò àyà, wọ́n á ní òtútù àyà ni. Tí wọ́n bá tún gbọ́ pé Nàìjíríà lẹ ti wá, ikọ́ ẹ̀gbẹ ló kù tí wọ́n á sá lọ bá. Èbu (fungus) inú ilẹ̀ aṣálẹ̀ ló ń fa Valley Fever. A ń fà á símú pẹ̀lú eruku, ó sì lè tó ọ̀sẹ̀ kan sí mẹ́ta kí ara tó sọ ọ́. Antibiotic kò lè pa èbu.

Ìdí àyẹ̀wò gan-an ni ìyà wà. IgM àti IgG ni wọ́n ń wá, ìyẹn ohun tí ara fi ń bá èbu náà jà. Bí wọ́n bá tètè gba ẹ̀jẹ̀ jù, èsì á ní kò sí, bẹ́ẹ̀ ó wà. Kí wọ́n tún un ṣe lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta, kí wọ́n sì tún un ṣe sí i bí ikọ́ kò bá lọ. Bó bá jáde, ẹ bèèrè iye titer, ìyẹn nọ́ńbà tó ń sọ bí ohun ìjà ara yẹn ti pọ̀ tó nínú ẹ̀jẹ̀. 1:2 tàbí 1:4 kéré. Bó bá ti di 1:16 sókè, kí wọ́n wò ó bóyá ó ti kúrò nínú ẹ̀dọ̀fóró bọ́ sí egungun, awọ ara tàbí ọpọlọ. Ilé àyẹ̀wò kan ṣoṣo ni kí ẹ máa lò, torí nọ́ńbà ilé kan kì í bá ti èkejì mu. Ẹ tọ́jú gbogbo ìwé.

Lóòótọ́, lára ọ̀pọ̀ èèyàn ó ń lọ fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n ara àwa aláwọ̀ dúdú ló ti máa ń tàn jù, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi ìyẹn lé yín padà sílé. Kí ẹnikẹ́ni má sì fún wọn ní prednisone, oògùn tó ń dín agbára tí ara fi ń bá àrùn jà kù, nítorí ikọ́ kí èsì tó jáde.

Fluconazole, oògùn tó ń gbógun ti èbu, ni wọ́n sábà máa ń kọ, 400 mg lójúmọ́, fún oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà. Ètè á gbẹ, irun lè já. Ẹ má torí ẹ̀ dá a dúró láìbéèrè. Bí baba wọn bá ń lo warfarin (oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì) tàbí oògùn ìtọ̀ ṣúgà, ẹ sọ ọ́ fún dókítà. Orí fífọ́ tí kò lọ, tàbí ọrùn tó le gbagidi: pàjáwìrì lẹ́sẹ̀ kan náà.

Ẹn-ẹ́n, àwọn ọmọ. Valley Fever kì í ràn láti ara ẹnì kan sí ẹlòmíràn. Àmọ́ bí dókítà kò bá tíì yẹ baba wọn wò fún ikọ́ ẹ̀gbẹ, kí àwọn ọmọ sùn síbòmíràn títí èsì ìyẹn á fi dé.