Etí tó wú, tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kò wú

Ẹ kú ìtọ́jú màmá. Ẹ ní etí wọn ti wú, tó pọ́n, lẹ́ẹ̀mẹta láàárín oṣù mẹ́jọ, pé kẹ́míìsì ní Mọ́kọ́lá, ní Ìbàdàn, ń fún wọn ní oògùn apakòkòrò, ó ń lọ, ó ń bọ̀. Àìsàn kan wà tó ń jẹ́ relapsing polychondritis, ìyẹn wíwú eegun rírọ̀ tó ń lọ tó ń bọ̀; ó lè lọ fúnra rẹ̀. Ìyẹn ló ń jẹ́ ká rò pé oògùn yẹn ló ṣiṣẹ́.

Bó bá tún wú, ẹ fi ìka tẹ òkè etí, kí ẹ wá tẹ ìsàlẹ̀, ibi tí wọ́n lu fún yẹtí. Bí òkè bá gbóná, tí wọn ò lè fi sùn lórí ìrọ̀rí, tí ìsàlẹ̀ sì rọ̀ bó ṣe máa ń rọ̀, relapsing polychondritis ni kí ẹ fura sí. Ìsàlẹ̀ etí kò ní eegun rírọ̀ nínú, eegun rírọ̀ yẹn sì ni ara fúnra rẹ̀ ń bá jà. Kòkòrò tó bá wọ awọ etí kì í sábà dá ìsàlẹ̀ sí.

Kò sí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kan tó ń dárúkọ rẹ̀. ESR àti CRP, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ méjì tó ń fi hàn pé nǹkan ń wú nínú ara, sábà máa ń ga, ṣùgbọ́n wọ́n lè má ga rárá. Mẹ́fà ni àmì àìsàn yìí tí dókítà McAdam àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ sílẹ̀ ní 1976: etí méjèèjì, imú, ojú pípọ́n, oríkèé, ọ̀nà èémí, àti àìgbọ́ràn tàbí òòyì. Ẹni tó bá ní mẹ́ta, wọn kì í sábà gé ẹran etí rẹ̀ wò mọ́.

Ọ̀fun ni kí ẹ bẹ̀rù jù. Bí ohùn wọn bá há, tí gògóńgò ń dùn wọ́n bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, tàbí tí èémí ń súfèé, ẹ gbé wọn lọ sí ẹ̀ka pàjáwìrì UCH, ilé ìwòsàn ńlá Ìbàdàn, lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pè é ní asthma kó sì parí síbẹ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ ṣe síkáànì CT, ìyẹn àwòrán inú ara, ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n yà á nígbà tí màmá fa èémí sínú àti nígbà tí màmá mí síta, torí ìgbà tí èèyàn bá mí síta ni ọ̀nà èémí tó ti rọ̀ máa ń pa dé.

Prednisolone, oògùn sítẹ́rọ́ìdì tó ń mú kí wíwú rọlẹ̀, ni wọ́n sábà fi ń bẹ̀rẹ̀, láàárọ̀, lẹ́yìn oúnjẹ: ẹni kílò 60 lè lo 30 sí 60 mg, ìyẹn hóró 5 mg mẹ́fà sí méjìlá. Dókítà ló ń dín in kù díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó bá dá a dúró lójijì lè dákú, torí ara ti gbàgbé bó ṣe ń ṣe irú èròjà yìí fúnra rẹ̀. Ẹ máa wo ṣúgà àti ìfúnpá wọn. Bí wọ́n bá fi methotrexate, oògùn tó ń dín bí ara ṣe ń bá ara rẹ̀ jà kù, kún un, ẹ̀ẹ̀kan LỌ́SẸ̀ ni. Ẹ kọ ọjọ́ náà sára páálí oògùn pẹ̀lú bírò. Ẹni tó bá ń lò ó lójoojúmọ́ lè kú. Bí wọ́n bá mẹ́nu ba dapsone, oògùn mìíràn, ẹ kọ́kọ́ ṣe àyẹ̀wò G6PD, èròjà tó ń dáàbò bo ẹ̀jẹ̀ pupa, nítorí ó wọ́pọ̀ láàárín wa kí èròjà yìí má tó lára, dapsone á sì máa ba ẹ̀jẹ̀ irú ẹni bẹ́ẹ̀ jẹ́.

Kí ọjọ́ tí wọ́n dá fún yín lọ́dọ̀ dókítà oríkèé tó pé, etí lè ti sọ̀. Ẹ fi fóònù ya á láti ẹ̀gbẹ́ nígbà tó bá pọ́n, kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ hàn nínú fọ́tò, kí ọjọ́ sì wà lórí rẹ̀.