Pẹ́ńsì mẹ́ta lórí máìlì kan: ṣé kí n ṣì ra mọ́tò oníná?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Kábù ni mò ń wà ní Lọ́ńdọ̀nù. Prius ni mo fi ń ṣiṣẹ́, mo sì máa ń rin tó 30,000 máìlì lọ́dún. Bí mo ṣe fẹ́ ra mọ́tò oníná báyìí ni mo gbọ́ pé ìjọba máa gba pẹ́ńsì mẹ́ta lórí máìlì kọ̀ọ̀kan. Àwọn kan tún ní wọ́n máa de ẹ̀rọ mọ́ mọ́tò tí á máa ṣọ́ ibi téèyàn ń lọ. Fúláàtì ni mò ń gbé ní Thamesmead, kò síbi tí mo lè fa wáyà gbà. Ṣé kí n ṣì rà á, àbí kí n rọra máa lo Prius mi?

Ìdáhùn: Òótọ́ ni ti pẹ́ńsì mẹ́ta yẹn. Rachel Reeves, mínísítà ètò ìṣúná, ló kéde rẹ̀ nínú bọ́jẹ́ẹ̀tì ọjọ́ 26 oṣù Kọkànlá 2025, oṣù Kẹrin 2028 ni wọ́n sì fi bíbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ sí. Mọ́tò tó ń lo iná nìkan á san 3p lórí máìlì kan. Háíbíríìdì (mọ́tò tó ń lo epo àti iná) tí wọ́n ń cháàjì á san 1.5p. Prius tí kò ní ihò cháàjì kò sí nínú ẹ̀, torí inú epo tẹ́ ẹ̀ ń rà ni owó orí tiẹ̀ wà.

Ti ẹ̀rọ aṣọ́ni yẹn, ìjọba ní kò sóhun tó jọ ọ́. Ẹ máa fojú bu iye máìlì tẹ́ ẹ máa rìn, ẹ ó san án pọ̀ mọ́ owó orí mọ́tò, tó bá wá di ìgbà MOT, ìyẹn àyẹ̀wò mọ́tò ọdọọdún, wọ́n á wo máìlì tó wà lójú dáṣíbọọ̀dù, wọ́n á sì ṣe àtúnṣe tó bá yẹ. Wọn ò ní bi yín léèrè ibi tẹ́ ẹ gbà. Ìdí nìyẹn tí máìlì tẹ́ ẹ bá rìn ní Faransé náà á fi wọ inú ìṣirò.

Ohun tó lé ìjọba débẹ̀ kò le láti mọ̀. Láti oṣù Kẹta 2022 ni owó orí lítà epo kan ti wà ní 52.95p, kí wọ́n tó gbé VAT, ìyẹn owó orí ọjà, 20% lé gbogbo ẹ̀ lórí. (Owó orí lórí owó orí ni o.) Bíi bílíọ̀nù £24 ló ń wọlé lọ́dún látinú owó orí epo. Ẹni tó bá kúrò nídìí epo ti kúrò nídìí owó yẹn.

Ṣùgbọ́n mi ò rò pé pẹ́ńsì mẹ́ta yẹn ló yẹ kó máa dẹ́rù bà yín. Ibi tẹ́ ẹ ti máa cháàjì ni kẹ́ ẹ wò. Iná ilé, VAT 5% ló wà lórí ẹ̀. Iná tẹ́ ẹ bá rà níta, HMRC, iléeṣẹ́ agbowó orí ìjọba, ń gba 20%. Ẹ jẹ́ ká fi 30,000 máìlì yín ṣe é. Ká ní mọ́tò oníná náà ń rin máìlì mẹ́ta àtààbọ̀ lórí yúníìtì iná (kWh) kan, ẹ máa lo bí 8,570 yúníìtì lọ́dún. Tẹ́ ẹ bá rà á ní 75p nídìí ẹ̀rọ tó ń yára cháàjì, ó di bíi £6,430, VAT inú ẹ̀ nìkan sì ju £1,070 lọ. Owó máìlì tẹ́ ẹ̀ ń bẹ̀rù, £900 ni. Ẹ ò rí i pé VAT ìta ti jù ú lọ.

Ẹni tó ní ààyè ìgbọ́kọ̀sí tó sì ń cháàjì lóru ńkọ́? Iléeṣẹ́ kan ń ta iná òru fún onímọ́tò ní iye tí kò tó 10p. Ní 10p gan-an, £857 péré ni iná ọdún kan, VAT inú ẹ̀ á jẹ́ bíi £41. Ẹ wá gbé Prius yín kalẹ̀: máìlì 12 lórí lítà kan, lítà kan ní £1.40, ó di £3,500 lọ́dún. Ìjọba á mú bíi £1,907 nínú ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ra mọ́tò oníná tẹ́ ẹ wá ń cháàjì níta nìkan, VAT àti owó máìlì á di £1,970 ó lé. Oníná á wá máa san owó orí ju ẹni tó ń jó epo! Ẹni tó ń cháàjì nílé kò ní san tó £950. Lójú tèmi, ìrẹ́jẹ ni fún ẹni tó ń gbé fúláàtì.

Ẹ ò sì lè gba VAT yẹn padà, àfi tẹ́ ẹ bá forúkọ sílẹ̀ fún VAT. Awakọ̀ kábù tówó tó ń wọlé fún un ń tó £90,000 lọ́dún, tó máa sọ ọ́ di dandan, kò wọ́pọ̀.

Tó bá jẹ́ àárín ìlú lẹ ti ń ṣiṣẹ́, nǹkan mìíràn tún wà níbẹ̀. Ọjọ́ Kérésìmesì 2025 ni ààyè ọ̀fẹ́ tí mọ́tò oníná ní lórí Congestion Charge, owó tí wọ́n ń gbà lórí mọ́tò tó bá wọ àárín Lọ́ńdọ̀nù, parí. Láti 2 oṣù Kìn-ín-ní 2026, £18 ni owó ọjọ́ kan. Mọ́tò oníná tó bá wà lórí Auto Pay, ètò tó ń yọ owó náà fúnra ẹ̀, ń san £13.50. Ọjọ́ kan ṣoṣo yẹn tó owó máìlì 450.

Ìmọ̀ràn mi ni pé kẹ́ ẹ má tíì rà á. Ẹ kọ́kọ́ bi láńdílọ́ọ̀dù bóyá á gbà kí wọ́n fi ẹ̀rọ cháàjì sí ibi ìgbọ́kọ̀sí. Ìjọba máa ń ran ẹni tó rẹ́ǹtì lọ́wọ́ nínú owó rẹ̀. Bó bá kọ̀, ẹ bi káńsù nípa cháàjì ara òpó iná àdúgbò, tó máa ń dínwó ju ti ayárachájì lọ. Ní báyìí ná, ẹ tọ́jú Prius yẹn dáadáa, torí láti oṣù Kìn-ín-ní 2023, TfL, àjọ tó ń bójú tó ìrìnnà ní Lọ́ńdọ̀nù, kì í fún mọ́tò tó ń gba láísẹ́ńsì kábù fún ìgbà àkọ́kọ́ ní láísẹ́ńsì mọ́ àfi tó bá lè rìn láì tú èéfín. Prius tuntun irú tiyín kò lè kọjá níbẹ̀.

Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá wá rà á, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ kẹ́ ẹ tó kọ ìwé owó orí ọdún àkọ́kọ́. Bẹ́ ẹ bá yan ìṣirò tí HMRC fi ń yọ iye kan fún máìlì kọ̀ọ̀kan kúrò nínú owó tó wọlé fún yín kó tó gba owó orí, ẹ ò lè tún yọ owó orí mọ́tò lọ́tọ̀, mọ́tò yẹn ò sì ní lè kúrò lórí ìṣirò náà títí ẹ ó fi lò ó tán.