Fọ́ọ̀mù Olójú Ewé 18

Ẹ kú làásìgbò. Ẹ ní ẹ mọ ìròyìn iṣẹ́ tí ọ̀gá yín ń retí dunjú, ẹ sì fẹ́ kọ ọ́, síbẹ̀ ẹ jókòó tì í fún odindi wákàtí mẹ́ta láìtẹ lẹ́tà kan, ẹ wá ń béèrè ohun tí ẹni tí ó ní ADHD, ìṣòro ọpọlọ tí kì í jẹ́ kí ènìyàn lè fọkàn sí nǹkan tàbí kí ó jókòó jẹ́ẹ́, ó kọ́kọ́ ṣe kí ọwọ́ rẹ̀ tó lè kan iṣẹ́. Ọdún mọ́kànlélógún ni mo fi pe ara mi ní ọ̀lẹ kí n tó mọ̀ pé ohun tí ó ń ṣe mí ní orúkọ, nítorí náà ọ̀rọ̀ yín kò ṣàjèjì sí mi.

Ẹ kọ́kọ́ yé bú ara yín. Ọ̀lẹ kì í jókòó ti iṣẹ́ kí àyà rẹ̀ máa já. Ńṣe ni ó ń sùn, oorun rẹ̀ a sì máa dùn. Ní tiwa, apá iwájú ọpọlọ, tí ó ń yan ohun tí ó yẹ ní ṣíṣe tí ó sì ń mú ara dìde sí i, kì í tètè jí fún iṣẹ́ tí èrè rẹ̀ bá ṣì jìnnà. Ìdí nìyẹn tí a fi lè tú rédíò tí ó bàjẹ́ palẹ̀ fún wákàtí mẹ́fà láìrántí oúnjẹ, kí lẹ́tà onílà mẹ́ta sì dá wa lágara. Dopamine, èròjà inú ọpọlọ tí ó ń mú kí nǹkan wù wá í ṣe, wà nínú ọ̀rọ̀ náà lóòótọ́, àmọ́ àwọn tí ó ń sọ pé àìtó rẹ̀ nìkan ni gbogbo wàhálà yìí ń bu ọ̀rọ̀ kù.

N kò lè ṣe kí n má mẹ́nu ba àwọn tí ó yẹ kí wọ́n ràn mí lọ́wọ́. Dókítà àkọ́kọ́ tí mo lọ bá ní ẹni tí ó bá ti ka ìwé dé ibi tí mo kà á dé kò lè ní ADHD, ó ní ọ̀rọ̀ àwọn ọmọdékùnrin tí kì í jókòó jẹ́ẹ́ ni. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, láti ọdún 1980 ni DSM, ìwé tí àwọn dókítà ọpọlọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà fi ń dá irú àìsàn wọ̀nyí mọ̀, ti gbà pé àìlèfọkànsí lè wà láìsí àìlèjókòó. Ẹ̀dà ọdún 2013 tún sọ pé àmì 5 ní ìsọ̀rí kan ti tó fún ẹni tí ó bá ti pé ọdún 17, dípò 6 tí wọ́n ń wá lára ọmọdé, bí díẹ̀ nínú wọn bá ti hàn kí ó tó pé ọdún 12.

Dókítà kejì gbà láti yẹ̀ mí wò, ṣùgbọ́n ó kọ́kọ́ fún mi ní fọ́ọ̀mù olójú ewé 18, ó ní kí n dá a padà láàárín ọjọ́ 14. Ẹ bá mi wò ó: mo wá sọ pé n kò lè bẹ̀rẹ̀ à ń kọ fọ́ọ̀mù, fọ́ọ̀mù ni wọ́n sì fi dá mi lóhùn. Mo gbé e sórí tábìlì. Lọ́jọ́ kejì, mo gbé ìwé ìròyìn lé e lórí. Lọ́jọ́ karùn-ún, mo ra bírò tuntun nítorí rẹ̀, mo wá fi bírò náà ya igi sẹ́yìn àpòòwé rẹ̀. Nígbà tí mo fi máa ṣí i, mo kọ orúkọ mi, mo kọ ọjọ́ orí mi, mo dé ibi tí wọ́n ti ń béèrè iye ìgbà tí mo ti pààrọ̀ iṣẹ́, mo bá ní ó yẹ kí n kọ́kọ́ wá àwọn lẹ́tà iṣẹ́ àtijọ́ jáde. Níbi tí mo ti ń wá wọn ni mo ti rí àpò àwòrán kan, bí ilẹ̀ ṣe ṣú nìyẹn. Ọjọ́ 14 kọjá. Nígbà tí mo pè wọ́n, akọ̀wé wọn ní bí ọ̀rọ̀ náà bá ká mi lára ni, ǹ bá ti dá fọ́ọ̀mù padà, ó sì rán mi lọ sẹ́yìn ìlà. Oṣù mẹ́sàn-án ni ìyẹn gbà lọ́wọ́ mi. Títí di òní, bí mo bá rí àpòòwé ńlá, inú mi a máa ru.

Àbúrò mi obìnrin ni ó yanjú rẹ̀, kò sì gbà mí nímọ̀ràn kankan. Ó jókòó sí òdìkejì tábìlì, ó ń rán bọ́tìnì mọ́ ẹ̀wù rẹ̀, kò tilẹ̀ wo ohun tí mo ń kọ. Kí ó tó rán bọ́tìnì kẹrin tán, ojú ewé mọ́kànlá ti kún. Bí ẹ bá ní ẹni tí ó lè jókòó tì yín bẹ́ẹ̀, kí ó máa ṣe iṣẹ́ tirẹ̀, ẹ bẹ̀ ẹ́. Bí ó bá jìnnà, ẹ pè é lórí fóònù kí ẹ sì jọ dákẹ́.

Ìyókù kò le: ẹ gé iṣẹ́ náà wẹ́wẹ́, ẹ yí aago, ẹ gbé fóònù lọ sí yàrá mìíràn. Ìṣẹ́jú 25 ni Francesco Cirillo, ẹni tí ó dá ọ̀nà Pomodoro sílẹ̀ láti máa fi aago pín iṣẹ́, fi gbé ọ̀nà tirẹ̀ kalẹ̀, ṣùgbọ́n márùn-ún ni mo fi bẹ̀rẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìyẹn dójú tì yín. Peter Gollwitzer, onímọ̀ ìhùwàsí ẹ̀dá ará Jámánì, ló fi hàn pé ó dára kí ènìyàn so iṣẹ́ mọ́ ohun kan pàtó tí yóò ṣáájú rẹ̀. Tèmi ni pé bí mo bá ti gbé ife omi àárọ̀ sílẹ̀, fáìlì ni mo ń ṣí.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má yá oògùn ẹlòmíràn lò. Methylphenidate, oògùn tí wọ́n sábà máa ń fún ẹni tí ó ní ADHD, lè mú kí ọkàn máa sáré, ó lè gbé ẹ̀jẹ̀ ríru sókè, bí a bá sì lò ó lálẹ́, oorun lè sá. Ó yẹ kí dókítà wò yín kí ẹ tó fẹnu kàn án. Ó ràn mí lọ́wọ́, àmọ́ kì í bá ènìyàn yan iṣẹ́: ní àárọ̀ tí mo kọ́kọ́ lò ó, wákàtí mẹ́rin ni mo fi to ìwé sórí pẹpẹ, iṣẹ́ tí wọ́n ń retí kò kúrò níbi tí ó wà.

Mo ti fẹ́ẹ̀ gbàgbé pé ohun tí ẹ ó kọ́kọ́ ṣe ni ẹ béèrè. Kí ẹ tó sùn lálẹ́ òní, ẹ ṣí fáìlì ìròyìn náà, ẹ kọ gbólóhùn burúkú kan sínú rẹ̀, kí ẹ dá a dúró láàárín, kí ẹ má sì pa fáìlì náà dé. Bí ẹ bá jókòó lọ́la, gbólóhùn yẹn nìkan ni kí ẹ parí.