Ọdún 14 lórí tírélà, owó ò gbéra: kí ni ṣíṣe?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Ọdún kẹrìnlá rèé tí mo ti ń wa tírélà ọ̀nà jíjìn. Mi ò ṣe jàǹbá rí, ẹrù mi kì í sì í pẹ́ dé. Ọdún mẹ́fà ni mo ti lò nílé iṣẹ́ tí mo wà báyìí, owó tí wọ́n ń fi kún tèmi ò tó nǹkan, àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ti fẹ́rẹ̀ẹ́ máa gba iye tí mò ń gbà. Mo kọ̀wé síbi mẹ́ta, iye kan náà ni gbogbo wọn ń pè. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n gba ọkọ̀ lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ kan, kí n máa san owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí á fi di tèmi. Kí lẹ rí sí i?

Ìdáhùn: Ẹ kú ewu ọ̀nà o. Mo wa ọkọ̀ fún ọdún 11 kí n tó bọ́ sídìí gbígba dírẹ́bà síṣẹ́, nítorí náà mo mọ ohun tí ẹni tó ń wáṣẹ́ ń rò, mo sì mọ ohun tí ẹni tó ń gbani síṣẹ́ ń wò. Ohun tí mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ lè má dùn mọ́ yín: ọdún 14 nìkan ò lówó lórí. Bí ẹrù tí ẹ ń gbé bá jẹ́ èyí tí ẹni ọdún mẹ́ta lè gbé délé láìséwu, iye ẹni ọdún mẹ́ta ni wọ́n máa dá lé e. Ẹ wo ibi mẹ́ta tí ẹ kọ̀wé sí yẹn dáadáa. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè búra pé irú ẹrù tí ẹ ti ń gbé ni àwọn náà ń gbé. Àwọ̀ ọkọ̀ lẹ fẹ́ pààrọ̀, ẹ ò tíì pààrọ̀ iṣẹ́.

Ẹrù tí dírẹ́bà tó lè gbé e ò pọ̀, tí àdánù rẹ̀ sì máa ń wúwo bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, òun ló ń sanwó. Ẹ mú táńkà. Ohun olómi kì í jókòó jẹ́ẹ́. Bí táńkà ò bá kún, tí ẹ tẹ bíréèkì, ọkọ̀ á fẹ́ dúró, omi inú rẹ̀ ò ní dúró. Á rọ́ síwájú, á sì tún ti ọkọ̀ wọ àárín oríta lẹ́yìn tí ẹ ti rò pé ó ti dúró. Ẹ ò sì lè kún un dẹ́nu, torí ohun olómi máa ń fẹ̀ bí ooru bá mú un. Ọ̀pọ̀ táńkà ló ní irin oníhò tí wọ́n fi dábùú inú rẹ̀ kí ìrọ́ yẹn lè dín kù, ṣùgbọ́n àwọn táńkà tó ń gbé wàrà àti ohun mímu kì í sábà ní in, nítorí kọ̀rọ̀ irin bẹ́ẹ̀ ṣòro fọ̀ mọ́. Níbi tí ọ̀nà bá ti yí, tí ẹ sì wọ̀ ọ́ pẹ̀lú eré tí ẹ fi ń wọ̀ ọ́ pẹ̀lú kọ̀nténà, ẹ̀gbẹ́ ni ọkọ̀ máa fi lélẹ̀. Ọdún 14 yín wúlò gan-an níbí, torí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ti rọ̀ lórí bíréèkì ni wọ́n ń wá.

Bí ohun tó wà nínú táńkà náà bá tún lè jóná tàbí kó pani lára, owó tún gòkè. Ìṣọ̀rí 9 ni àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé pín ẹrù eléwu sí. Ní Yúróòpù, àdéhùn ADR tí wọ́n fọwọ́ sí ní Geneva lọ́dún 1957 ló ń darí rẹ̀: dírẹ́bà á gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́, á ṣe ìdánwò, ìwé ẹ̀rí rẹ̀ á sì wúlò fún ọdún 5. Ti táńkà ní ẹ̀kọ́ tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ní Amẹ́ríkà, lẹ́tà ni wọ́n ń fi kún ìwé àṣẹ ìwakọ̀: N fún táńkà, H fún ẹrù eléwu, X fún ẹni tó ní méjèèjì, ìjọba á sì ṣe ìwádìí ààbò nípa yín kí wọ́n tó fún yín ní H. Èyíkéyìí tó bá bá ibi tí ẹ ti ń ṣiṣẹ́ mu, òun ni mo máa kọ́kọ́ náwó lé lórí tó bá jẹ́ èmi ni yín. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ́kọ́ wo ilé iṣẹ́ tí ẹ wà bóyá wọ́n ní ẹ̀ka táńkà. Ó yá ju kí ẹ máa wá ẹni tí kò mọ̀ yín rí.

Àwọn tó ń gbé katapílà àti ẹ̀rọ ńláńlá náà ń gbowó gidi, ṣùgbọ́n ẹ máa tẹ̀lé ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe fúngbà díẹ̀ kí wọ́n tó fi sílẹ̀ fún yín, torí kò sí afárá tó máa ga sí i nítorí pé ẹ ò wọn gíga ẹrù yín. Àwọn tó ń kó ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ náà ń rí ṣe. Ẹni tó bá fara balẹ̀ ló wà fún. Ẹrù tútù ń kọ́? Iye tí wọ́n ń pè máa ń dùn, ṣùgbọ́n mo ti sùn lẹ́nu ọ̀nà ilé ìkẹ́rùsí ju bó ṣe yẹ lọ nítorí rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìdúró yìí ló sì ń tan dírẹ́bà jẹ jù. Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò. Mi ò ní fi owó orílẹ̀-èdè kankan ṣe é, ẹ ṣáà pè é ní ẹyọ. Ilé iṣẹ́ kan ń san ẹyọ 10 lórí kìlómítà kan, èkejì ń san 8. Àkọ́kọ́ ni gbogbo èèyàn máa sáré lọ bá. Níbẹ̀, ẹ rin kìlómítà 2,000 lọ́sẹ̀: wákàtí 31 lórí ìrìn, 20 nídìí ìkẹ́rù àti ìtúẹrù tí ẹnikẹ́ni ò san, 9 nídìí àyẹ̀wò ọkọ̀ àti ìwé. Ẹyọ 20,000 fún wákàtí 60, ìyẹn 333 fún wákàtí kan. Lọ́dọ̀ èkejì, ẹ rin 2,200 fún wákàtí 34, ẹ dúró fún wákàtí 12 tí wọ́n ń san ẹyọ 250 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ fi 6 ṣe ìyókù. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 20,600 fún wákàtí 52, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ 396 fún wákàtí kan. Ẹni tó pe 8 ló ń san jù. Ìdúró tún ń jẹ ìrìn ọ̀la: nínú òfin Amẹ́ríkà, wákàtí 11 ni ẹ lè fi wakọ̀ láàárín wákàtí 14 tí iṣẹ́ ọjọ́ náà ti bẹ̀rẹ̀, jíjókòó dúró de àwọn tó ń tú ẹrù ò sì dá aago yẹn dúró. Torí náà, ẹ kọ wákàtí yín sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kí ẹ tó bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ owó. Ẹ kọ ìrìn òfìfo náà sílẹ̀, kí ẹ sì mọ ẹni tó ń san án.

Ti pé ẹ ò ṣe jàǹbá rí, ọ̀rọ̀ ẹnu ni lọ́wọ́ ẹni tó ń gbani síṣẹ́. Ẹ lọ gba àkọsílẹ̀ ìwakọ̀ yín fúnra yín kí ẹ tó kọ̀wé síbì kan, torí mo ti rí ẹni tí wọ́n kọ àṣìṣe ẹlòmíì mọ́ lọ́rùn tí kò sì mọ̀. Nínú lẹ́tà yín, ẹ má kọ pé ẹ jẹ́ òṣìṣẹ́ kára. Gbogbo wọn ló ń kọ ọ́. Ẹ kọ irú tírélà tí ẹ ti fà, ìwọ̀n tí ẹ ti gbé, bóyá ẹ ti wakọ̀ lórí òkè, lóru, tàbí kọjá ẹnubodè. Ilé iṣẹ́ tó ń polówó pé òun ń wá dírẹ́bà láti oṣù January títí di December, ẹ bi ara yín pé níbo ni àwọn tó gbà lọ́dún tó kọjá wà. Àwọn iṣẹ́ tó dára jù tí mo mọ̀, ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ṣe ọjà tí wọ́n sì ní ọkọ̀ tiwọn ni wọ́n wà, ibi ìtúẹrù ni èèyàn sì ti ń gbọ́ nípa wọn. Ẹ bi dírẹ́bà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín pé ọdún mélòó ló ti lò níbẹ̀.

Ti ọkọ̀ tí ọ̀rẹ́ yín sọ, mi ò bá yín dá sí i. Ẹni tó ta ọkọ̀ fún yín ló tún ń pín ẹrù fún yín. Bí ó bá dín ẹrù yín kù, owó ọkọ̀ ò ní dín kù, táyà àti epo sì ti di tiyín. Ní January 2025, ìgbìmọ̀ tí ìjọba Amẹ́ríkà gbé kalẹ̀ láti yẹ irú àdéhùn yìí wò dábàá pé kí wọ́n fòfin dè é. Bó bá jẹ́ pé ọkọ̀ tiyín lẹ fẹ́ lóòótọ́, báǹkì tí kò pín ẹrù ni kí ẹ ti yáwó, kí owó àtúnṣe oṣù mẹ́fà sì wà nílẹ̀.

Ẹ má fiṣẹ́ sílẹ̀ títí ilé iṣẹ́ tuntun á fi kọ iye àti owó ìdúró sínú ìwé. Bí ẹ bá sì ń lọ, ẹ dá ọkọ̀ padà sí ọgbà wọn, kí ẹ ya fọ́tò rẹ̀ yíká, kí ẹ jẹ́ kí ẹnì kan fọwọ́ sí i pé òun gbà á.